Van Morris Minor: ṣé gíábọ́ọ̀sì jíà márùn-ún ni àbí dífù?

Tó o bá gbé van Morris Minor, mọ́tò akẹ́rù kékeré ayé àtijọ́ ti ìlú Ọba, gun M1, ọ̀nà márosẹ̀ wọn níbẹ̀, ariwo ẹ́ńjìnnì ló máa kọ́kọ́ sú ẹ, torí jíà mẹ́rin péré ló ní, ẹ́ńjìnnì 1098cc yẹn á kàn máa sáré àsápajúdé ni.

Kí eré ẹ́ńjìnnì lè dín kù, àwọn kan máa ń gbé gíábọ́ọ̀sì Type 9 oníjíà márùn-ún ti Ford Sierra sí i. Jíà karùn-ún ẹ̀ jẹ́ 0.82, ìyẹn ni pé eré ẹ́ńjìnnì á fi nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 dín sí ti jíà kẹrin, bẹ́ẹ̀ jíà kìíní tó o fi ń gbẹ́rù gun òkè ò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ púpọ̀. Èyí gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ ńbẹ o: wàá ra bellhousing (ìdérí irin) tó máa so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì, wàá gé propshaft (ọ̀pá irin tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn) kúrú, wàá tún gé lára irin abẹ́ mọ́tò, tó o bá sì ti gé e, àtidá a padà ò rọrùn.

Dífù (àwọn jíà àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó ń gbé agbára dé táyà) ti MG Midget, mọ́tò eré kékeré kan, ńkọ́? Tí dífù van ẹ bá jẹ́ 4.22 (propshaft á yí ìgbà 4.22 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan), 3.9 ti Midget máa wọlé síbẹ̀ láìgé nǹkan kan, owó ẹ̀ ò sì tó ti gíábọ́ọ̀sì rárá. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 péré ni eré ẹ́ńjìnnì máa fi dín kù, gbogbo jíà ló sì kàn, kódà jíà kìíní, tẹ́rù bá wà lẹ́yìn ojú ẹ á rí màbo lórí òkè.

Van tó ń ṣiṣẹ́, Type 9 ni mo máa gbé sí i. Tó bá jẹ́ ọjọ́ Sunday nìkan lò ń gbé e jáde, dífù ti tó.