Katikísìmù Kékeré tí mo rà ní Òkè-Fìà

Nítòsí Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbí, ni mo ti ra Katikísìmù Kékeré, ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ Kristẹni tí Martin Luther, aṣáájú àtúnṣe ìjọ, kọ ní Jámánì lọ́dún 1529, kí àwọn àlùfáà àti baálé ilé lè máa fi kọ́ àwọn tí ó wà lábẹ́ wọn. Ìwé pẹlẹbẹ ni, ó sì wọ àpò agbádá, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ kò dára rárá, nítorí ojú ewé méjì já bọ́ sí mi lọ́wọ́ kí n tó kà á dé ìdajì.

Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni mo yìn. Níbi tí ó ti ṣàlàyé ìpín kẹta Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí àwọn Kristẹni fi ń jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ wọn, Luther jẹ́wọ́ pé òye tàbí agbára òun kò lè mú òun gba Jésù Kristi gbọ́, bí kò ṣe pé Ẹ̀mí Mímọ́ pe òun nípasẹ̀ Ìhìnrere. Èmi tí mo máa ń jókòó sí àga iwájú, tí mo sì máa ń fi ojú ẹ̀gbẹ́ wo ẹni tí ó bá pẹ́ dé ìsìn (mo mọ gbogbo wọn lórúkọ), ọ̀rọ̀ náà bá mi wí, nítorí Farisí inú Lúùkù 18, ẹni tí ó ń yin ara rẹ̀ nínú àdúrà tí ó sì ń kẹ́gàn ẹlòmíràn, gan-an ni mo ń ṣe. Lórí ẹ̀bẹ̀ oúnjẹ òòjọ́ inú Àdúrà Olúwa, Luther ní Ọlọ́run ń bọ́ àwọn ènìyàn búburú pàápàá, yálà a gbàdúrà tàbí a kò gbà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀ kí n tó ṣí ẹ̀kọ tí ó wà níwájú mi.

Mo ti fi òwú rán ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á, kí ó kọ́kọ́ ṣí i wò níwájú ẹni tí ń tà á.