FreeCAD 1.0: ẹ ya irin bí máṣíìnì ṣe máa gé e

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń fi lathe (máṣíìnì tó ń yí irin kí bíléèdì lè gé e) àti milling (èyí tí bíléèdì ẹ̀ ló ń yí) jẹun, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ FreeCAD fún yín, ètò kọ̀ǹpútà tá a fi ń ya iṣẹ́ irin, pàápàá 1.0 tó jáde ní November 2024. Ọ̀fẹ́ ni, kì í ṣe ọ̀fẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n á tún wá ní kẹ́ ẹ sanwó o, ọ̀fẹ́ pátápátá, ẹ lè fi ṣiṣẹ́ gbowó, tẹ́ ẹ bá sì ti dáwùnlóòdù ẹ̀ tán kò nílò dátà mọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tó gbé mi débẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ya ṣáfùtì kan sí pépà, bó ṣe máa rí tó bá parí ni mo yà, mo gbé e fún ọmọṣẹ́ mi, mo jáde. Níbi tí púlì máa jókòó sí, dáyámítà 28 ni mo fẹ́, kíwéè ẹ̀ (ojú gbọọrọ tá a gé sára irin kí púlì má bàa yọ̀) á jìn ní mílímítà 4. Nígbà tó tọ́ọ̀nù ẹ̀ (ó gé e róbótó lórí lathe) dé 32 ó gbé e lọ sórí milling, ó gé kíwéè 4 géérégé, ó dá a padà sórí lathe, ó wá tọ́ọ̀nù ẹ̀ wálẹ̀ sí 28. Mílímítà 2 ti bá ara ẹ̀ lọ, kíwéè ku 2, irin ti bàjẹ́ nìyẹn. Gbogbo nọ́ńbà orí pépà lọmọ yẹn tẹ̀ lé, pépà ni ò sọ èyí tó ṣíwájú fún un.

Ní FreeCAD, ẹ wọ Part Design, apá tí wọ́n ti ń ya irin ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, ẹ má ya ohun tó ti parí. Irin tẹ́ ẹ rà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà: róbótó 50, ẹ Pad ẹ̀ (ẹ fà á gùn) dé 160, irin Owódé Onírin yín ti dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ máa gé e bí máṣíìnì ṣe máa gé e. Títọ́ọ̀nù, Groove ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Kíwéè, Pocket. Ihò, Hole. Ẹ féèsì ojú ẹ̀ (ẹ gé e kó tẹ́jú), ẹ tọ́ọ̀nù gbogbo ẹ̀ sí 45, ẹ tọ́ọ̀nù ibi tí bearing 6206 máa wọ̀ sí 30, ẹ wá bọ́ síbi púlì, 28, ẹ̀yìn ìyẹn la tó kan kíwéè, fífẹ̀ 8. Ẹ tẹ F2 lórí ìkọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ fún un ní nọ́ńbà àti orúkọ.

Ibi tí mo ti wá fẹ́ràn ẹ̀ gan-an nìyí. Ẹ fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn, ẹ tẹ space bar, irin náà á padà sí bó ṣe rí nígbà yẹn gẹ́lẹ́. Ọmọṣẹ́ á dúró síwájú kọ̀ǹpútà, á wo nọ́ńbà 4, á wo irin ọwọ́ ẹ̀, tí méjèèjì bá jọra ó lè lọ sí nọ́ńbà 5. Tí kọ́sítọ́mà bá tún dé pé òun fẹ́ yí bearing sí 6207, ẹ lọ yí 30 sí 35, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e á tún ara wọn ṣe. Kó tó di 1.0 ìyẹn máa ń dàrú, torí ó máa ń fún ojú irin ní nọ́ńbà, tẹ́ ẹ bá wá yí ti ìbẹ̀rẹ̀ padà nọ́ńbà á yí, sketch (àwòrán pẹrẹsẹ tẹ́ ẹ fi ń gé irin) á já bọ́ síbòmíì. Ó ti dára sí i púpọ̀, àmọ́ síbẹ̀ orí XY àti XZ, àwọn ojú inú ẹ̀ tí kì í yí padà, ni mo ṣì máa ń fi sketch mi sí, kì í ṣe ojú irin.

Ẹ ṣọ́ra níbi tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ gé e kúrò lára bar o. Irin kan ṣoṣo ló yẹ kó wà nínú Body (àpótí tó ń kó gbogbo ìgbésẹ̀ irin kan pọ̀), tẹ́ ẹ bá ya ojú bíléèdì tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan, irin á di méjì, ó sì lè bá yín jà. Ẹ ya sketch yẹn dé ìdí èyí tó wà nínú chuck (ẹnu lathe tó ń di irin mú), kó kó gbogbo ẹ̀ lọ.

Ohun tí ò dùn mọ́ mi: ojú ẹ̀ kún jù fẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Fillet (èyí tó ń sọ igun di róbótó) máa ń kọ̀ nígbà míì láìsọ ìdí tó yéèyàn, CAM inú ẹ̀ (apá tó ń kọ àṣẹ fún máṣíìnì) sì jẹ́ ti milling, ẹni tó bá fẹ́ kó kọ G-code (àṣẹ tí máṣíìnì ń tẹ̀ lé) ti lathe fóun á wá nǹkan míì. Kò sì mọ̀ pé chuck di irin mú. Mo máa ń ya jaw mẹ́ta (eyín chuck) sí Body ọ̀tọ̀ kí n lè rí i bóyá àyè ṣì wà fún tool. Mo fún un ní 4 nínú 5.

Ọmọṣẹ́ mi yẹn ló ya ṣáfùtì tá a ṣe kẹ́yìn fúnra ẹ̀. Nọ́ńbà 7 ni 28 wà, kíwéè wà ní nọ́ńbà 8.