Dígírì nọ́ọ̀sì: ohun tí mo san àti ohun tí mo rí gbà

Bí wọ́n bá ní kí n fún dígírì nọ́ọ̀sì ní ìràwọ̀, mẹ́ta ààbọ̀ nínú márùn-ún ni màá fún un. Kì í ṣe pé ọjà náà kò dára o. Iye tí wọ́n dá lé e kọ́ ni ẹ máa san tán, ìgbà tí ẹ sì rò pé ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èrè rẹ̀ kọ́ ni èrè máa yọjú. Àwọn òbí tó ń bi mí léèrè níbi ìpàdé ìdílé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì kì í fẹ́ gbọ́ eléyìí. "Nọ́ọ̀sì kì í wá iṣẹ́ tì," ni wọ́n máa ń sọ fún mi. Òótọ́ ni, iṣẹ́ kì í wọ́n. Iye tí wọ́n ń san lórí iṣẹ́ náà ni kí ẹ béèrè.

Fásitì ìjọba àpapọ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá ni mo lọ, ọdún 2017 ni mo sì wọlé. Ẹ̀kọ́ ọdún márùn-ún ni. Ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ gan-an lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fásitì rẹ̀. Owó ìforúkọsílẹ̀, owó ibùgbé àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ là ń san. Èyí ló mú kí bàbá mi máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn pé ọ̀fẹ́ ni ọmọ àwọn ń kàwé. Wọn ò tíì rí ìwé tí ẹ̀ka wa máa fi lé wa lọ́wọ́ nígbà yẹn: yunifọ́ọ̀mù funfun, bàtà, aago tí à ń so mọ́ àyà, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá, owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ NMCN, ìyẹn àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà, àti owó ìdánwò àjọ yìí kan náà nígbà tó bá yá.

Ibi tí owó ti ń jò jù lọ ni àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n máa ń fi akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ sí. Wọ́n rán wa lọ sí Abẹ́òkúta ká lè mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú alárùn ọpọlọ. Yàrá àti oúnjẹ wà lọ́rùn wa. Ti agbẹ̀bí ló wá le jù. Ó ní iye ọmọ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀bí kó tó lè jókòó ṣe ìdánwò, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i nínú ìwé rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ti wá pọ̀ ju aboyún lọ. A máa ń tòògbé lórí àga ní wọ́ọ̀dù ìrọbí, bí obìnrin kan bá ti figbe ta báyìí, ẹni mẹ́rin ti dìde, kálukú ti ń wọ ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀wọ́ yẹn náà, àwa la rà á o. Nígbà tí tèmi kò pé, mo kó lọ sí ìlú kékeré kan tí wọ́n ní aboyún pọ̀ níbẹ̀, mo gba yàrá, mo ń jẹun, mo ń wọkọ̀, kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn tó wà nínú ìṣirò tí bàbá mi ṣe.

Ní fásitì aládàáni, ìṣirò tún yàtọ̀ pátápátá. Ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, owó nọ́ọ̀sì fún ọdún kan ṣoṣo ti kọjá mílíọ̀nù kan náírà, ẹ wá fi márùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹni tó bá wà ní ilé ìwé ìjọba lè gba owó yíyá NELFUND, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024. Kò ní èlé. Tààrà ni wọ́n ń san owó ilé ìwé fún ilé ìwé fúnra rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè gba 20,000 náírà lóṣù láti fi jẹun. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù ni wọ́n máa ń yọ láti fi san án padà, ó di ọdún méjì lẹ́yìn tí èèyàn bá ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán. Ká ní ó ti wà láyé ìgbà tèmi ni, ǹ bá ti gbà á.

Ohun kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí n fún un ní ìràwọ̀ méjì péré. NMCN máa ń sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan lè gbà lọ́dún. Ilé ìwé wa gbà ju iye yẹn lọ. Lẹ́yìn tí a ti jọ jókòó kàwé ní kíláàsì kan náà, tí a ti jọ ra yunifọ́ọ̀mù, wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri, àwọn tí kò sí níbẹ̀ sì di ọmọ ẹ̀ka mìíràn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti ń jẹ́ "Nọ́ọ̀sì" ní àdúgbò wọn di ẹni tó ń kọ́ nípa ewéko. Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ béèrè pé ṣé NMCN ti fọwọ́ sí ẹ̀ka nọ́ọ̀sì ilé ìwé yẹn, mélòó ni wọ́n fún un, mélòó ló sì ti gbà. Bí wọ́n bá ń fọ̀rọ̀ falẹ̀, ẹ gba ibòmíràn lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá ka ọdún. Márùn-ún ti ilé ìwé. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, ti 2020 gba tirẹ̀, ti 2022 tún mú oṣù mẹ́jọ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún kan ìkọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, tí èèyàn sì lè jókòó sílé fún ìgbà pípẹ́ kó tó rí ibi tó máa gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún kan àgùnbánirọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó kéré sí mi, lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́ta, ti dípúlọ́mà. Nígbà tí mo ṣì ń sá kiri aboyún, ó ti ń gba owó oṣù, ó sì máa ń fi owó ránṣẹ́ sí èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí n fi ra dátà.

A wá pàdé lẹ́nu iṣẹ́. Abẹ́rẹ́ kan náà la jọ ń gún, òru kan náà la jọ ń ṣe, kò sì sí aláìsàn tó máa bi yín pé dígírì ni ẹ fi ń tú ọgbẹ́ òun ni àbí dípúlọ́mà. Ilé ìwòsàn aládàáni tí mo kọ́kọ́ lọ ní Ìbàdàn fi iye kan lọ̀ mí tí kò tó 77,000 náírà tí mò ń gbà nígbà tí mo ń ṣe àgùnbánirọ̀. Mo ní, "Mà, dígírì ni mo ní o." Máítírọ̀nì wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì mi, ìwé àṣẹ NMCN ni a ń sanwó fún níbí. Gbogbo yín lẹ ní in." Inú bí mi, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn ló ṣàlàyé ọjà yìí jù lọ. Ìwé àṣẹ ló ń mú owó wọlé. Dígírì ò lè mú yín gba owó gidi àyàfi níbi tí wọ́n bá ti ń ka ìwé ẹ̀rí sí.

Wọ́n ń ka ìwé ẹ̀rí sí lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ipele tí àwa onídígírì fi ń bẹ̀rẹ̀ lórí CONHESS, ìyẹn ìlànà owó oṣù tí ìjọba fi ń sanwó fún òṣìṣẹ́ ìlera, ga ju ti onídípúlọ́mà lọ, ìgbéga wa kì í sì í tètè há. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Bí ọdún bá ṣe ń gorí ọdún ló ń fẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má rò pé ọlọ́rọ̀ ni wá níbẹ̀. Lópin oṣù Keje 2025, àwa nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀, ọ̀rọ̀ owó ajẹmọ́nú iṣẹ́ òru àti ti yunifọ́ọ̀mù sì wà lára ohun tí a ń jà fún. Èrè mìíràn ni pé ní ọ̀pọ̀ fásitì, ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì, ti agbẹ̀bí àti ti ìlera àwùjọ lẹ máa kó jáde lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹlòmíràn máa padà lọ kọ́ wọn. Bí ẹ bá sì fẹ́ ka másítà tàbí kí ẹ máa kọ́ni ní fásitì, láìsí dígírì, ọ̀nà jìn.

Ó kù ìlú òyìnbó, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ojú ọ̀pọ̀ yín wà. Ní ọdún 2025, nọ́ọ̀sì tuntun lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba ní Ẹ́ńgílándì, ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 31,049 pọ́n-ùn lọ́dún. Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ máa san 140 pọ́n-ùn fún àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí, 83 fún ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, 794 fún ìdánwò àfọwọ́ṣe, àti 153 fún ìforúkọsílẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,170 pọ́n-ùn, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì IELTS, físà àti tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ò tíì sí níbẹ̀. Láti 2024 ni NMCN náà sì ti ní kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé kí àwọn tó bá a fọwọ́ sí ìwé fún àjọ ilẹ̀ òkèèrè. Nàìjíríà tún wà lára orílẹ̀-èdè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí ilé ìwòsàn wọn má máa wá kó òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀wé fúnra rẹ̀ ni wọ́n lè gbà. Èyí tí wọn kì í sọ fún òbí ni pé onídípúlọ́mà tó ní ìwé àṣẹ lè gba ẹnu ọ̀nà yẹn kan náà wọlé. Tó bá jẹ́ tìtorí Lọ́ńdọ̀nù nìkan ni, dípúlọ́mà tó.

Ta ni kó wá ra á? Ọmọ tó rí ilé ìwé ìjọba wọ̀, tí iye tí NMCN fún ilé ìwé náà gba òun, tí àwọn òbí rẹ̀ sì lè gbọ́ bùkátà fún bí ọdún méje láìretí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: kó lọ, kó má wẹ̀yìn. Ẹni tó fẹ́ yá owó èlé láti fi san ti aládàáni, mi ò bá a dá sí i. Owó oṣù tó máa kọ́kọ́ gbà níbí kò lè san gbèsè yẹn. Ẹni tó bá nílò owó kíákíá, kó gba ọ̀nà kúkúrú, kó gba ìwé àṣẹ, kó máa ṣiṣẹ́, kó padà wá mú dígírì nígbà tó bá yá. NOUN, fásitì ìjọba àpapọ̀ tí èèyàn lè máa kàwé níbẹ̀ láti ilé, ní B.N.Sc., ìyẹn dígírì nọ́ọ̀sì, tó jẹ́ ti ẹni tó ti jẹ́ nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà báyìí, owó oṣù rẹ̀ ló fi ń san án.