Ìfiwéra sọ́fútíwíà mẹ́rin fún ìṣirò gáàsì tó ń jáde ní ibùdó epo: TANKS 5, HYSYS, ProMax àti DWSIM

Bí ẹ bá ní bíróò ìwádìí àyíká ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí wọ́n sì gbé iṣẹ́ ibùdó epo Sẹ̀mẹ̀ wá bá yín, ìbéèrè kan gbọ́dọ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ owó: ṣé epo tó ń wọ àgbá náà ṣì ní gáàsì nínú, àbí gáàsì rẹ̀ ti kúrò kó tó débẹ̀?

Oríṣi méjèèjì ló kan Sẹ̀mẹ̀. Epo rọ̀bì orílẹ̀-èdè Niger ń gba inú páìpù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó 2,000 kìlómítà kó tó dé etíkun wa. Oṣù karùn-ún 2024 ni ọkọ̀ òkun kọ́kọ́ gbé e. Wọ́n máa ń yọ gáàsì irú epo bẹ́ẹ̀ kó tó wọ páìpù. Ohun tó kù tí yóò máa jáde lára àgbá rẹ̀ ni èyí tí oòrùn ń gbé sókè àti èyí tí epo tuntun ń tì jáde bó ṣe ń wọlé. Ọ̀tọ̀ ni ti kànga inú òkun Sẹ̀mẹ̀, níbi tí wọ́n ti wa epo láti 1982 títí di 1998. Bí epo kànga bá ti inú ẹ̀rọ ìyapa (èyí tó ń ya epo, gáàsì àti omi sọ́tọ̀) tí ìfúnpá rẹ̀ ga bọ́ sínú àgbá lásán, gáàsì inú rẹ̀ á hó jáde bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìgò mínírà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn nìkan ju gbogbo ìyókù lọ.

Fún epo tí kò ní gáàsì mọ́, TANKS 5 tó. EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ìlànà orí keje AP-42, ìwé EPA lórí ìṣirò èéfín, ló ń tẹ̀ lé. Ẹ rí i dájú pé ìgbóná, oòrùn àti afẹ́fẹ́ Sẹ̀mẹ̀ lẹ fi ṣírò, kì í ṣe ti ìlú Amẹ́ríkà kan. Kò lè ṣírò gáàsì tó ń hó jáde yẹn, nítorí náà ẹ má lò ó fún epo kànga.

Ibẹ̀ ni HYSYS àti ProMax ti wúlò. Àwọn méjèèjì lè lo ìṣirò Peng-Robinson ti 1976, èyí tó ń sọ bí epo àti gáàsì ṣe ń ṣe lábẹ́ ìfúnpá àti ìgbóná, láti sọ iye gáàsì tó máa jáde àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ epo ńlá mọ HYSYS dáadáa. Bí oníbàárà yín bá ti ní fáìlì ibùdó rẹ̀ nínú rẹ̀, òun ni kí ẹ rà. Bí kò bá ní, ProMax ni mo fara mọ́ fún bíróò kékeré, torí ó ń ṣírò gáàsì tó ń hó jáde àti ti AP-42 pọ̀ nínú fáìlì kan. Ó tún mọ iṣẹ́ glycol, kẹ́míkà olómi tí wọ́n fi ń gbẹ omi inú gáàsì, èyí tó máa ń gbé benzene mì, tó sì ń tú u sáfẹ́fẹ́ nígbà tí wọ́n bá se glycol náà. Benzene ń fa àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Kò yẹ kó sọnù nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni.

DWSIM náà ní Peng-Robinson, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó tó fún ẹ̀rọ ìyapa àti àgbá. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa to ìròyìn èéfín jọ, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ yín lè fi kọ́ṣẹ́ láìsan kọ́bọ̀.

Èyí tó wù kí ẹ yàn, ẹ ya owó sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ epo. Inú sílíńdà tí wọ́n dé pa ni kí wọ́n gbà á sí, pẹ̀lú ìfúnpá rẹ̀, lẹ́nu ẹ̀rọ ìyapa. Èyí tí wọ́n bù sínú ìgò ti sọ gáàsì rẹ̀ nù, iye tí sọ́fútíwíà máa gbé jáde á kéré ju òtítọ́ lọ, àwọn ará etíkun ló sì máa fi imú san ìyàtọ̀ rẹ̀.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń rí ìdérí àgbá tó ṣí sílẹ̀ tàbí iná tí wọ́n fi ń jó gáàsì dànù tó ti kú. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé iná ń jó ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì, ohun tó máa gbà nìyẹn, kódà bí iná ti kú látàná. Ẹ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà tó ń rí gáàsì.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olùtà fún yín ní ìwé àṣẹ ìdánwò. Ẹ fi àpẹẹrẹ epo kan náà sínú tiẹ̀ àti DWSIM, pẹ̀lú Peng-Robinson nínú méjèèjì. Bí iye wọn bá jìnnà síra, ẹ kọ́kọ́ wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ka apá epo tó wúwo, kí olùtà sì ṣàlàyé rẹ̀ fún yín kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé.