Igi Tàbí Resin: Èwo Ló Yẹ Fún Ìjẹ Ẹ̀tàn Ẹja Ńlá?

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìjẹ ẹ̀tàn fún ẹja ńlá tó ń pa ẹja jẹ, bíi pike àti muskellunge, lè gbẹ́ igi tàbí kó da resin, ìyẹn oje oníkẹ́míkà tó máa ń le bí ike, sínú mọ́ọ̀dù.

Igi ni mo fara mọ́. Igi ń léfòó fúnra rẹ̀, nítorí náà ìwọ̀n òjé tí a bá fi sínú rẹ̀, àti ibi tí a fi í sí gan-an, ló ń pinnu ìrìn rẹ̀. Bí òjé bá wà nísàlẹ̀ ikùn, ẹ̀yìn á dúró lókè, á sì máa mi ara bí ẹja tó fara pa. Igi balsa fúyẹ́, ìrìn rẹ̀ sì yá, àmọ́ eyín ẹja tètè ń dá a lára. Kédárì le jù ú lọ. Omi ni ọ̀tá igi: bí eyín bá ti la ọ̀dà, omi á wọlé, igi á wú. Ẹ fi epoxy, ìyẹn àtè olómi tó máa ń le, bò ó dáadáa, títí kan inú gbogbo ihò tí ẹ lu.

Resin kì í wú, àwọn tó bá sì ti inú mọ́ọ̀dù kan jáde máa ń jọra bí ìbejì. Ṣùgbọ́n resin lásán wúwo ju omi lọ. Àfi ká po ìyẹ̀fun gíláàsì tí inú rẹ̀ ṣófo mọ́ ọn kó tó léfòó. Ẹ bo imú bí ẹ bá ń pò ó, kí ẹ má bàa fa ìyẹ̀fun náà símú.

Igi ni kí ẹ fi dán àwòrán tuntun wò. Bó bá rìn dáadáa, ẹ wá fi resin ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Nínú méjèèjì, ẹ jẹ́ kí wáyà irin gba inú rẹ̀ kọjá láti orí dé ìrù, kí ìwọ̀ rọ̀ mọ́ ọn. Ẹja ńlá lè fa ìṣó tí a kàn yí sínú balsa yọ.