Ilé ẹ̀kọ́ ọnà Màmá Níkẹ̀ẹ́ ní Òṣogbo: ohun tí mo rí lára akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ ṣe IT níbẹ̀

Bí òbí tàbí alágbàtọ́ kan bá ń wá ibi tí ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì tàbí pólì ti lè ṣe IT rẹ̀, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ gíga ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe, tí kò sì fẹ́ kí ó jẹ́ pé lẹ́tà tí wọ́n buwọ́ lù nìkan ni ọmọ náà yóò mú bọ̀, Nike Centre for Art and Culture tó wà ní Òṣogbo ni màá kọ́kọ́ dárúkọ fún un. Ọmọ àbúrò mi ló lọ síbẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló sì ń gbé. Ohun tí mo rí nígbà tí mo lọ wò ó, àti ìyípadà tí mo rí lára rẹ̀ lẹ́yìn tó dé, ni mo gbé àyẹ̀wò yìí lé.

Olóyè Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì-Ìjùmú ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ló dá ilé náà sílẹ̀ ní ọdún 1983. Wọn kì í gba owó ẹ̀kọ́, àwọn tó sì ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lé ní 3,000. Òṣogbo fúnra rẹ̀ jẹ́ ìlú tí iṣẹ́ ọnà àjọṣe ti mọ́ lára tipẹ́. Láti ọdún 1962 tí Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier ti ṣí Mbari Mbayo, ibùdó àwọn oníṣẹ́ ọnà àti òṣèré, ni àwọn tí kò wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan ti ń di gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà níbẹ̀. Nínú Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi sí ara àwọn ogún àgbáyé ní 2005, Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, kò dá nìkan mọ àwọn ère ibẹ̀: bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, àwọn agbẹ́gilére sì wà pẹ̀lú wọn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ sí Òṣogbo má ṣe padà láì wọ igbó náà, kí ó sì gbìyànjú láti sọ ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan parí sí lára ògiri tí ti ẹlòmíràn fi bẹ̀rẹ̀. Èmi kò rí i sọ.

Kí ọmọ wa tó lọ, iṣẹ́ tirẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn nílé ẹ̀kọ́ gíga tirẹ̀ nìyẹn: oníkálukú pẹ̀lú bébà tirẹ̀, máàkì tirẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àwòrán. Àmọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó lọ kọ́ ní Òṣogbo kì í ṣe iṣẹ́ àdáṣe. Ẹnì kan ni yóò ro ẹ̀kọ láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, tí yóò sì wò ó kí ó má baà ki jù tàbí kí ó ṣàn jù; ẹlòmíràn ni yóò fi ìyẹ́ adìẹ yàwòrán sára aṣọ; oòrùn yóò gbẹ ẹ́; aláró yóò rì í bọ inú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí yóò fi dú dáadáa; nígbà tí ó bá sì gbẹ, wọn yóò ha ẹ̀kọ náà kúrò kí ojú funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀ tó yọ.

Ní ọjọ́ tí mo lọ, apá kan aṣọ Olókun, oríṣi àwòrán àdìrẹ kan, ló wà níwájú rẹ̀, ó sì ń fi ìkánjú fa ìlà ara ẹja. Ọ̀gá tó ń kọ́ wọn kò bá a wí. Ó ní kí ó gbé ìyẹ́ sílẹ̀, kí ó lọ dúró ti ẹni tó ń rẹ aṣọ tí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ ti yà tẹ́lẹ̀. Aṣọ náà jáde nínú aró pẹ̀lú àwọ̀ ewé, atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù lójú wa. Gbogbo ibi tí ọmọ wa ti fi ẹ̀kọ fẹ́ẹ́rẹ́ ni aró ti jẹ wọlé, ẹja ẹnì kejì rẹ̀ sì dá ṣáká lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń béèrè lọ́wọ́ aláró bóyá ẹ̀kọ òun ti tó kí ó tó gbé aṣọ sílẹ̀, èyí tí mo kà sí ẹ̀kọ́ tó ju ti ìyẹ́ adìẹ lọ.

Nígbà tó padà dé, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò wa ní àdìrẹ ní ọjọ́ Sátidé, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní òun kò lè gbowó lórí ohun tí wọ́n fún òun lọ́fẹ̀ẹ́. Agbada ike, kọ́sítíìkì àti páálí òwú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìyá àgbà kan láàárín wọn fi gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ wọn, tó sì ń fi oríṣi àdìrẹ alábẹ́rẹ́ kan, èyí tí a ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán kí a tó rì í bọ aró, tí wọn kò kọ́ rí ní Òṣogbo hàn wọ́n. Aṣọ tí wọ́n jọ rán yìí ló fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ gbogbo wọn lára rẹ̀. Èmi ti sọ fún un pé àwọn tó ń fún wọn ní máàkì lè má fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ ìyá náà.

Àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ẹni tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló fẹ́ máa fi yàwòrán kò ní rí ohun tó ń wá níbẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń ṣe, kò sì yá. Ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù láti lọ, torí pé ẹ̀kọ kì í tètè gbẹ lára aṣọ bí òjò bá ń rọ̀. Ẹ béèrè nípa ibùgbé àti oúnjẹ ṣáájú, kí ẹ má ṣe rò pé gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ọ̀fẹ́. Ẹni tí Òṣogbo bá jìnnà sí lè kọ́kọ́ lọ wo gálárì wọn ní Lẹ́kí, Èkó, níbi tí wọn kì í ti í gbowó ìwọlé. Ẹ sì di aṣọ àlòkù sínú àpò ọmọ yín, torí pé aró tó bá ta sí aṣọ kì í bọ́.