Sonny Chiba ni àbí bàbá oníkẹ̀kẹ́?

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fíìmù ìjà Japan àtijọ́ máa ń bi mí: The Street Fighter ni àbí Lone Wolf and Cub?

Ti àkọ́kọ́ jáde ní 1974. Ẹ̀ṣẹ́ ni Sonny Chiba fi ń jà níbẹ̀, á fún ojú pọ̀, á máa mí bí akọ màlúù. Ó lu ẹnìkan lórí, wọ́n bá gbé àwòrán X-ray síta kí a lè rí bí agbárí ṣe fọ́! Mo rẹ́rìn-ín títí.

Idà ni ti èkejì, fíìmù mẹ́fà, láti 1972 sí 1974. Tomisaburo Wakayama ń ti ọmọ rẹ̀ kiri nínú kẹ̀kẹ́ onígi tí ohun ìjà fara pamọ́ sí, ẹ̀jẹ̀ sì ń tú bí omi páìpù tó bẹ́. Àwàdà ni, àmọ́ ó rẹwà, n ò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ti Chiba.

Bí ẹ̀yin àtọ̀rẹ́ bá fẹ́ pariwo lálẹ́ ọjọ́ kan péré, ẹ mú Chiba. Bí ẹ bá dá wà, tí ẹ sì ní sùúrù, ẹ tẹ̀lé bàbá àtọmọ. Tọ́mọdé bá wà nílé, ẹ fi méjèèjì sílẹ̀. Àmì X, ìyẹn fíìmù àgbàlagbà nìkan, ni Amẹ́ríkà fún ti Chiba nítorí ìwà ipá.